Ẹ̀yìn Olúdọ̀tun Ayẹni

Ohun tí ẹ ti ń fura sí láti ọjọ́ yìí, òótọ́ ni. Kí àwọn oníjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n tó bọ́ sójú ìjà, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí. Wọ́n ti jókòó sọ ọ́, wọ́n ti jiyàn lé e lórí, wọ́n ti mu mínírà tì í. Ẹni tí wọ́n ń la àga mọ́ lórí mọ̀ pé àga ń bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ẹni tó gbé e pé kó má fi etí àga kan òun lójú. Ẹ má tìtorí èyí bínú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kún gbọ̀ngàn tó wà ní Challenge bámúbámú ní ọ̀sán Sátidé náà mọ̀, wọ́n sì ń wá, bí àwọn tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ṣe mọ̀ pé ìyàwó máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n sì ń sunkún síbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà kan òun. Olúdọ̀tun Ayẹni ni, tí gbọ̀ngàn ń pè ní Ẹ̀yìn-Ò-Kanlẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kì í borí rẹ̀. Wọ́n ti borí rẹ̀ lóríṣiríṣi. Ó ti fìdí rẹmi nítorí pé ó pẹ́ jù níta okùn, ó ti fìdí rẹmi nítorí pé ó gbá rẹfirí létí, ó sì ti fìdí rẹmi nígbà tí wọ́n da ata gbígbẹ sí i lójú, tí kò rí ọ̀nà mọ́. Ohun tí kò gbà ni kí èjìká òun méjèèjì kan màátì, kí rẹfirí sì ka ení, èjì, ẹ̀ta lé òun lórí. Àdéhùn kan ṣoṣo tó bá Màdáámù ṣe lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́ nìyẹn.

Màdáámù ni Ìyáàfin Bọ́láwùmí Ọlánípẹ̀kun, tó ni ẹgbẹ́ oníjàkadì náà. Ó ti ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama rí, kò sì tíì bọ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ilé ìkẹ́rù kan ní Olúyọ̀lé ló fi ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbára dì, òun ló ń pinnu ẹni tó ń borí, ẹni tó bá sì pẹ́ dé, bí ó tilẹ̀ ga tó ilẹ̀kùn, yóò dúró síta títí Màdáámù yóò fi rántí rẹ̀.

Ó yẹ ká fún Olúdọ̀tun ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ o. Kó tó di ẹni orí tẹlifíṣọ̀n, ó ti ja ìjàkadì gidi, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ òpin rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wà ní yunifásítì, tó ń gbé yàrá kan ní Agbowó, ó máa ń sáré lọ sí Ojoo ní àárọ̀, ó sì máa ń gbé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kọ́ èjìká bọ̀, nítorí pé ẹni yẹn kì í fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ó gba góòlù fún yunifásítì, ó gbà á fún ìpínlẹ̀, ó wọ aṣọ Nàìjíríà lọ sókè òkun. Nínú ìjàkadì yẹn, bí èjìká ẹni méjèèjì bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Ti Olúdọ̀tun kò kàn án rí. Wọ́n ti fi máàkì borí rẹ̀, ìyẹn ò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn tó bá a jà ṣì wà láyé láti jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú wọn, Ògúnjìmí, tó ti di ọ̀gá ní báǹkì kan ní Dùgbẹ̀, máa ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ mọ bí bíbá Dọ̀tun jà ṣe rí, kí ẹ mú ológbò kan, kí ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì wá fi ojú yín hàn òun.

Ohun tó sì gbé wá sínú ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe kékeré. Kò ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ máa ń bẹ Màdáámù pé Bọ̀dá Dọ̀tun ni kó fi àwọn fún, nítorí pé bí ó bá gbé èèyàn sókè tó sì là á mọ́lẹ̀, ariwo tí màátì ń pa lè jí ará Ring Road, ẹni tó là mọ́lẹ̀ yóò sì dìde bí ẹni tó sun oorun ọ̀sán. Òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ó kọ́ wọn dáadáa, pẹ̀lú sùúrù, láìṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fúnra rẹ̀. Ó máa ń júwe ẹ̀ lóròó, bí ẹni tó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àwòrán ilẹ̀.

Nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà ti kọjá ojú ìjà. Télọ̀ kan ní Bódìjà ló ń bá a gé ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dànù. Kó tó jáde sí gbọ̀ngàn, ó máa ń fi òróró àgbọn pa ẹ̀yìn náà títí iná á fi máa dán lórí rẹ̀, bí ó bá sì dójú ìjà, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń kọ sí àwọn èèyàn, ojú ń tẹ̀ lé e nígbà tó bá yá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í fara ti àga. Nígbà tí eyín ń dùn ún, tí dókítà eléyín sọ pé kó sùn sẹ́yìn díẹ̀, ó béèrè bóyá wọn ò lè yọ ọ́ lóròó. Ọmọ́fẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, ló tú àṣírí èyí tó kù fún àwọn ìyá ìjọ.

“Ikùn ló fi ń sùn,” ó ní. “Mo bi í pé, Dọ̀tun, ṣé bẹ́ẹ̀dì náà fẹ́ ka ení, èjì, ẹ̀ta lé ẹ lórí ni?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Dọ̀tun, tó wà nítòsí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èèyàn kò gbọ́dọ̀ kọ́ èjìká ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí ó fi pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí orúnkún ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn géètì, tí ọrùn sì ń le ní àárọ̀. Màdáámù pè é sí Olúyọ̀lé.

“Dọ̀tun, jókòó.”

“Ẹ ṣé mà. Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn.”

“Mo mọ̀. Àga náà ní ẹ̀yìn.” Màdáámù yọ awò ojú rẹ̀. “Ìjà tó ń bọ̀ yìí lo fi máa dágbére. Àlíù ló máa gba bẹ́líìtì olúborí lọ́wọ́ rẹ. Lórí màátì. Ení, èjì, ẹ̀ta.”

Olúdọ̀tun wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló sọ.

“Ẹ jẹ́ kó fi àga lù mí, mà.”

“Rárá.”

“Kó da ata sí mi lójú. Mo ti mọ ata yẹn, kò ní nǹkan.”

“Dọ̀tun.”

“Kí n gbá Ìrẹ̀mídé létí, kó lé mi jáde. Ìrẹ̀mídé ò ní bínú.”

“Ìrẹ̀mídé ń bínú o. Rẹfirí ni, kì í ṣe ìlù.” Màdáámù fi awò ojú padà. “Gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Àwọn tó ń wò ọ́ láti kékeré ti di ìyá ọmọ. Ohun kan tí wọ́n ń retí láti rí ni ẹ̀yìn yẹn nílẹ̀, ẹni tó bá sì gbé e síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò ní parẹ́ mọ́ nínú iṣẹ́ yìí. O lè fi sọ ọmọ kan di èèyàn ní ìṣẹ́jú kan. Ta lo ń tọ́jú rẹ̀ dè? Ilẹ̀ ibojì?”

Olúdọ̀tun kí i pé ó dàbọ̀, ó sì yí padà, Màdáámù sì tún rí ẹ̀yìn náà bó ṣe ń jáde lọ.

Ọmọ tí wọ́n ń sọ náà ni Àlíù Akóredé. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti kó wọn wá, Ṣàngó ni wọ́n ń gbé. Màdáámù rí i pé ó ga, pé àyà rẹ̀ gbòòrò, pé ojú rẹ̀ lè mú ọmọ ọwọ́ ké, ló bá sọ ọ́ ní Ìkà Ojoo, ó sì ní kó máa bú àwọn èèyàn. Àṣìṣe ńlá. Kò sẹ́ni tó tíì tọ́ ọmọ dáadáa tó bí wọ́n ṣe tọ́ Àlíù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un pé kó dúnkokò mọ́ Ẹ̀yìn-Ò-Kanlẹ̀, ó wo ọkùnrin náà, ó wolẹ̀, ó ní:

“Bọ̀dá Dọ̀tun, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú sà. Ṣùgbọ́n lónìí, màá lù yín gan-an.”

Ẹ̀rín bú jáde ní gbọ̀ngàn bí ìgbà tí òjò já lu páànù.

“Ìkà kì í kí èèyàn!” Màdáámù pariwo mọ́ ọn lẹ́yìn ìjà. “Ṣé o gbọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí Olúdọ̀tun ṣe gun ojú ìjà, Àlíù na gbalaja síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tàyàtàyà. Ó lóun ò mọ ìgbà tí òun ṣe é. Ìrẹ̀mídé rẹfirí kúkú ti fẹ́ máa ka òǹkà kó tó rántí pé àyà lọmọ náà fi kanlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń dìde kí Àlíù, tí gbọ̀ngàn ń pa ohùn pọ̀ pé “Ẹ kú iṣẹ́ sà!” nígbàkigbà tó bá fẹ́ gbé ẹnì kan là mọ́lẹ̀, tí yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹni náà dìde, tí yóò gbọn eruku màátì kúrò lára rẹ̀. Irú ariwo yẹn, ti Olúdọ̀tun nìkan ni tẹ́lẹ̀. Ó kàn fi kún òróró àgbọn ni.

Lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ Màdáámù, ó ránṣẹ́ pe Àlíù sí ilé rẹ̀ ní Bódìjà. Àlíù gbé ọsàn dání wá. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde, ó dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Ọmọ́fẹ́.

“Àlíù, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣubú?”

“Ẹ̀yin ni sà.”

“Ó dáa. Wo ibí yìí.” Ó mú un lọ síwájú fọ́tò kan lára ògiri. Nínú rẹ̀, Olúdọ̀tun ìgbà èwe ti gbá ẹnì kan mú láti ẹ̀yìn, ó ti gbé e fò kọjá orí ara rẹ̀, ẹni náà ti fi èjìká méjèèjì sọlẹ̀, Olúdọ̀tun sì tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun tí wọ́n fà, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtàrí rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, ìyókù ara rẹ̀ wà lókè. “Afárá ni mo ń pè é. Èèyàn lè gba abẹ́ ẹ̀yìn mi kọjá níbẹ̀ yẹn, kí ó má bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó dìde pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é.”

“Ó dára gan-an ni sà.”

“Òun ni mo fẹ́ fi dágbére. Ìwọ ni mo fẹ́ gbé. Ìwọ á fi ẹ̀yìn lélẹ̀, Ìrẹ̀mídé á ka ẹ̀ta, èmi á sì fọwọ́ ara mi gbé bẹ́líìtì yẹn lé ẹ léjìká níṣojú gbogbo ayé. Ṣé kò ju kéèyàn gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ àgbà tó dùbúlẹ̀ bí ẹja lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“O máa sùn fún mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Màdáámù ò gbọ́dọ̀ gbọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

Ọmọ́fẹ́, tó ń bó ọsàn nídìí tábìlì, gbójú sókè. “Dọ̀tun, ọrùn tí ò jẹ́ kí o wẹ̀yìn nígbà tí o bá ń wa mọ́tò lo fẹ́ fi ṣe afárá?”

“Ọrùn mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Wẹ̀yìn kí n rí.”

Ó yí gbogbo ara padà láti wò ó. Àlíù ń wo ilẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Màdáámù náà pe Àlíù. Obìnrin náà ti mọ Olúdọ̀tun pẹ́.

“Ìwọ lò ń borí, o gbọ́? Ohun yòówù kí Dọ̀tun wí fún ẹ, mi ò béèrè. Má ṣáà jẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀ta lé ẹ lórí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

Ẹ má pe ọmọ náà ní alágàbàgebè. Kò tíì sọ “rárá” fún àgbàlagbà rí, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àgbà méjì bá sì rán an ní iṣẹ́ méjì, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ní Ṣakí ni pé kó jẹ́ méjèèjì.

Lọ́sàn-án Sátidé náà, gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan gun ojú fèrèsé. Ògúnjìmí àti àwọn àgbà oníjàkadì ìgbà yunifásítì jókòó níwájú, ikùn wọn lórí itan wọn, Ọmọ́fẹ́ sì wà láàrin wọn, ó ká apá mọ́ àyà. Olúdọ̀tun jáde, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ẹ̀yìn náà dán, ó yẹ ẹ́, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Àlíù dọ̀bálẹ̀. Gbọ̀ngàn kí i.

Ìjà náà dára, a ò ní fi ìyẹn ṣeré. Kò sí àga, kò sí ata. Olúdọ̀tun mú ọrùn ọwọ́ Àlíù, ó tú u sílẹ̀, ó tún mú un níbòmíràn, ó gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ọmọ náà tó yíjú. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára bíi ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí Àlíù ń lọ, ó ti máa ń dúró dè é níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àlíù gbé e, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló yí lófuurufú bí ológbò, tó fi ikùn balẹ̀. Àwọn èèyàn tó wá pariwo wá dákẹ́ láti wò. Ọmọ kan tó ń fi fóònù ya fídíò gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ògúnjìmí dìde dúró pẹ̀lú gbogbo ikùn rẹ̀, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, “Ẹ wò ó! Ẹ wo nǹkan tí mò ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí!”

Nígbà tó yá, Olúdọ̀tun bọ́ sẹ́yìn Àlíù, ó fi apá méjèèjì di ìbàdí rẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níwájú ló kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

“Ó tì o,” Ọmọ́fẹ́ sọ.

“Afárá!” Ògúnjìmí ké.

Ó sọ fún Àlíù létí pé, “Sùn o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

Ó gbé e. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí géètì, gbé ọmọkùnrin tó ga jù ú lọ kúrò nílẹ̀ pátápátá, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ Àlíù fò kọjá lábẹ́ iná, màátì sì sán bí àrá. Ìrẹ̀mídé ti wà lórí orúnkún. Gbogbo gbọ̀ngàn bá a ka òǹkà.

“Ení! Èjì! Ẹ̀ta!”

Olúdọ̀tun fò dìde. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó yíká lẹ́ẹ̀kan fún àwọn ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, apá rẹ̀ lókè, àwọn èèyàn sì dìde dúró fún un, kì í ṣe irọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sunkún. Ó na ọwọ́ gba bẹ́líìtì kí ó lè gbé e lé ọmọ náà léjìká bó ṣe ṣèlérí. Ìgbà náà ló rí i pé èjìká ọmọ náà ni bẹ́líìtì ti wà, àti pé ọwọ́ Àlíù ni Ìrẹ̀mídé gbé sókè.

“Ìrẹ̀mídé! Ṣé o fọ́jú ni? Ta ni mo gbé?”

“Àlíù ni ẹ gbé, ọ̀gá.”

“Ṣé kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ni?”

“Ó fi lélẹ̀.”

Àlíù ti wà lórí àyà rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, bẹ́líìtì àti gbogbo rẹ̀. “Ẹ má bínú sà. Mo sùn bí ẹ ṣe wí. Màdáámù ni wọ́n ní wọn ò gbọ́dọ̀ ka ẹ̀ta lé mi lórí, ni mo bá gbé èjìká kan nígbà tí wọ́n pe èjì.”

“Ta ni wọ́n wá ń ka òǹkà lé lórí?”

Ìrẹ̀mídé wo Ọmọ́fẹ́, tó ti gba abẹ́ okùn wọlé, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọrùn Olúdọ̀tun kò gbé e láti ìgbà tí màátì ti dún. Láti ení títí dé ẹ̀ta, èjìká rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀.